Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jáde, ẹ bi ẹni tó ń gbé yín lọ pé àwọn tó kọ́kọ́ gbé dà

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ló fi voice note ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní òun ti rí ẹni tó máa gbé òun jáde, pé ẹ̀gbọ́n náà ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun rárá, fíísà o, tíkẹ́ẹ̀tì o, ibi tóun máa sùn o, gbogbo ẹ̀ ló máa san, tóun bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ òun á máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n ṣáà bá òun dúpẹ́. Inú ẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù ń ba èmi. Mo bi í pé iṣẹ́ wo? Ó ní iṣẹ́ wà. Ta ló ni iléeṣẹ́ náà? Ẹ̀gbọ́n yẹn mọ̀ wọ́n. Èló ni gbèsè náà? Wọn ò tíì sọ ọ́. Ló bá bínú, ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ máa ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an, àmọ́ mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lọ́kàn yín ti gbéra kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ. Gbèsè tí wọn ò dárúkọ iye ẹ̀ kó o tó wọ bàálù, ọjọ́ tó o bá balẹ̀ ni wàá gbọ́ iye ẹ̀. Wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù ẹ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi ṣe ìwé ni. Wọ́n á ṣírò oúnjẹ tó o jẹ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀dì tó o sùn sí, ọjọ́ tó o ṣàìsàn tí o ò lè ṣiṣẹ́, bó o ṣe ń san án ló ń ga sí i, títí wàá fi rí i pé wọn ò fẹ́ kó o san án tán. Láti 1997 ni Àdéhùn 181 ti ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ti ní ẹ́jẹ́ǹtì tó ń wáṣẹ́ fúnni ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ní tààrà tàbí ní kọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní òun á san gbogbo ẹ̀ fún ẹ, tí ò sì fẹ́ kọ iye tó o máa san padà sílẹ̀, ìwọ gan-an lọjà tó fẹ́ tà.

Ẹ má sì rò pé ọmọbìnrin nìkan ni, tàbí ẹni tí ò kàwé. Ìṣirò tí ILO, IOM (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kúrò nílùú) àti Walk Free, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìfiniṣẹrú, jọ ṣe ni pé mílíọ̀nù 27.6 èèyàn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ àfipáṣe ní 2021, mílíọ̀nù 6.3 nínú wọn ni wọ́n ń fipá mú ṣe aṣẹ́wó, àmọ́ mílíọ̀nù 17.3 wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa pè ní iṣẹ́ gidi, ilé kíkọ́, oko, ọkọ̀ apẹja, iṣẹ́ ilé onílé. Àwọn tó gboyè tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa ni wọ́n ń tàn lọ sí Myanmar àti Cambodia, wọ́n á ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, kó tó mọ̀ ó ti wà nínú ọgbà olódi tí wọ́n ti ń fipá mú un lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ò bá pa iye tí wọ́n ní kó pa, ẹgba ni. Ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2023 pé ó kéré tán 120,000 èèyàn ló ṣeé ṣe kó wà nírú ipò yìí ní Myanmar, nǹkan bí 100,000 ní Cambodia.

Àmọ́ èyí tó ń ta mí lára jù ni tiwa tá a wà nílé. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó ń tani yìí, ẹ̀gbọ́n tá a jọ dàgbà ni, àǹtí tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ ni, ọ̀rẹ́kùnrin ni, ẹni tá a jọ ń jọ́sìn ni, ìgbà míì obìnrin tí wọ́n ti ta òun náà rí ni, tí wọ́n ní tó bá mú ẹlòmíì wá àwọn á dín gbèsè ẹ̀ kù. A mọ̀ ọ́n, a ń kí i. Á wọlé wá mú ọmọ, a ò ní bi í pé àwọn tó o mú lọ lẹ́ẹ̀kan dà, pè wọ́n ká bá wọn sọ̀rọ̀, ìwọ sì bọ́ síta ná. Ìbéèrè yẹn, tí gbogbo àdúgbò bá ń bi wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ò ní dúró dáhùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwa la máa ń sọ fọ́mọ pé ojúgbà ẹ ti ń fowó ránṣẹ́, ìwọ ńkọ́, títí ọmọ á fi rò pé ó sàn kóun kú sọ́nà ju kóun jókòó síwájú wa lọ.

Níbi tí mo wà yìí, obìnrin kan máa ń mú ọmọbìnrin kan wá síbi tá a ti ń jọ́sìn. Mo bi ọmọ yẹn lórúkọ, obìnrin yẹn ló dáhùn. Mo bi í bóyá ara ẹ̀ ti ń mọlé, obìnrin yẹn náà ló tún dáhùn. Ọmọ yẹn ń wolẹ̀, ìka ẹ̀ ti bó funfun nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọlé, bàtà tó wọ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, kò ní fóònù, kò ní báàgì. Gbogbo wa la rí i. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Àwa mélòó kan ò bá obìnrin yẹn fa nǹkan kan, torí tẹ́ ẹ bá pariwo lé irú wọn lórí, lóru ọjọ́ yẹn ni wọ́n á gbé ọmọ náà lọ síbòmíì. A kọ ohun tá a rí sílẹ̀, ọjọ́ àti aago, a pe àwọn tó mọṣẹ́ gbígba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan nínú wa sì bá ọmọ náà pàdé nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi nọ́ńbà kan sí i lọ́wọ́, ó ní, ìgbàkígbà tó o bá fẹ́. Nígbà tó yá, òun fúnra ẹ̀ ló pe nọ́ńbà yẹn. Ìròyìn UNODC, ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, ti 2022 sọ pé nínú àwọn ẹjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 41 nínú 100 ló jẹ́ pé àwọn tí wọ́n tà ló gba ara wọn sílẹ̀ tí wọ́n wá ìjọba lọ. Gbogbo ìgbà yẹn, àwọn tó ń rí wọn lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́kún. Ọmọ yẹn pe ilé pé òun ti bọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló máa san gbèsè. Wọn ò bi í bóyá ó ti jẹun. Àwọn àgbà ní kó má gbé e jáde, pé ẹbí ni obìnrin yẹn, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nínú ilé. Ìwà ìkà ni mo ka ìyẹn sí, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún sísọ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá parí nínú ilé, ọmọ míì ló máa gbé lọ. Àwọn kan ní ṣebí òun ló gbà láti lọ. Àdéhùn Palermo ti 2000, àdéhùn àgbáyé lórí títa èèyàn, ti dáhùn ìyẹn: tí wọ́n bá ti tàn án tàbí fipá mú un, pé ó gbà kò já mọ́ nǹkan kan, tí ò bá sì tíì pé ọmọ ọdún 18, wọn ò tiẹ̀ ní wádìí bóyá wọ́n tàn án.

Ẹni tó bá bọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kámẹ́rà kò ó lójú, ẹ má ní kó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ẹ fún un ní yàrá tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun fúnra ẹ̀, ẹni tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Tó bá ń ké lójú oorun, tó ń bínú, tó bá ń sọ ìtàn náà lóríṣiríṣi, irọ́ kọ́, ohun tójú ẹ̀ rí ló fà á. Iṣẹ́ tí owó ẹ̀ máa wọ ọwọ́ ara ẹ̀ ló nílò kíákíá, torí àìrówó ti dá ọ̀pọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó tà wọ́n.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ, èmi náà lọ. Àmọ́ fíísà ìbẹ̀wò kì í ṣe fíísà iṣẹ́. Pe ẹ̀mbásì wọn fúnra ẹ, nọ́ńbà tó o wá fúnra ẹ, kì í ṣe èyí tí ẹ́jẹ́ǹtì fún ẹ. Fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù ẹ sílẹ̀ nílé, kọ́ nọ́ńbà èèyàn méjì sórí. Kí ìwọ àtàwọn ará ilé sì fẹnu kò lórí orúkọ kan tí kò sí nínú ẹbí, ọjọ́ tó o bá pè tó o ní kí wọ́n bá ẹ kí onítọ̀hún, wọ́n á mọ̀ pé àwọn tó mú ẹ jókòó tì ẹ́.

Tó bá jẹ́ fóònù ẹlòmíì lo fi ń ka èyí níkọ̀kọ̀, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ti ní ọlọ́pàá á tì ẹ́ mọ́lé torí ìwé ẹ ò pé. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Council of Europe, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti 2005 lórí títa èèyàn gbọ́dọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tà ní ọjọ́ 30 ó kéré tán láti fi sinmi, kí wọ́n má sì lé e jáde láàárín ẹ̀, Amẹ́ríkà náà ní fíísà T, èyí tó wà fún ẹni tí wọ́n tà, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2000. Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ibi tí ọlọ́pàá ò ṣe é sá bá lo wà, ẹ̀mbásì wa tàbí ọ́fíìsì IOM ni kó o kọ́kọ́ wá. O ò nílò àlàyé gígùn. Sọ orúkọ ẹ, sọ pé pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò jẹ́ kí n jáde, sọ ohun tó o lè rí látojú fèrèsé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Lẹ́yìn náà, pa nọ́ńbà tó o pè rẹ́ lórí fóònù yẹn kó o tó dá a padà.