Ẹ Jẹ́ Ká Wo Omi!

Ìborùn tí wọ́n tà fún màmá mi lórí adágún Dal, ní ìlú Srinagar ní Kashmir, ilẹ̀ Íńdíà, ti yọ́. Mi ò ní ó ya o, mo ní ó yọ́! Lánàá ni mo fa òwú kan yọ létí ẹ̀, mo ṣáná sí i. Irun ẹran tó bá jó, gbogbo wa la mọ òórùn ẹ̀. Èyí ò rùn bẹ́ẹ̀ rárá. Ńṣe ló ká jọ, ó dì, ó le bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré kan, òórùn náílọ́ọ̀nù sì gba gbogbo ilé ìdáná. Pashmina ni wọ́n pè é fún wa! Irun abẹ́nú ewúrẹ́ òkè Ladakh, wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi ran òwú ẹ̀, wọ́n tún fà á gba inú òrùka kọjá lójú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Srinagar rí, ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Owó ìborùn sì kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé a lọ síbẹ̀, a sì bọ̀, a ò rí adágún yẹn wò.

Ọjà kọ́ ló gbé màmá mi dé ilẹ̀ Íńdíà. Orúnkún ló gbé wọn wá sí Delhi, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ara wọn yá, dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀. Orí fóònù mi ni wọ́n ti rí àwòrán Dal: omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè Zabarwan lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ọkọ̀-ilé onígi tí àlejò ń sùn sí, tó tò létí omi. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ kí n kàn máa wò ó.” Gbogbo ohun tí wọ́n bèèrè nìyẹn. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ sìn wá, ó ní òun fẹ́ wo omi.

Láti pápákọ̀ òfúrufú ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé síìmù tí a bá rà ní Delhi, tí a ń rọ owó sí ká tó lò ó, òkú ni tó bá ti dé Kashmir. Fóònù mi ò lè pe ẹnikẹ́ni. Bó ṣe di pé ọkùnrin kan tó di ìwé orúkọ mi mú nìkan la lè tẹ̀ lé nìyẹn. Ọkọ̀-ilé tí mo sanwó fún, ti iwájú ni, èyí tó kọjú sí gbalasa omi. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tù wá lọ, níbi tí fèrèsé wa ti kọjú sí ògiri ọkọ̀-ilé ẹlòmíì àti omi tí ewéko ti bò. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó ní wọ́n ń tún ti iwájú ṣe. Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní ọ̀gá òun ló gbowó. Mo ní ọ̀gá dà, ó ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò. Irọ́ kan náà ni wọ́n ń pa fún gbogbo èèyàn!

Ká sọ òótọ́, ọkọ̀ náà dára nínú. Igi kedari ni gbogbo ara ẹ̀, wọ́n gbẹ́ òdòdó àti ewé chinar sára ògiri, igi náà sì ń ta sánsán. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Láyé àtijọ́, nígbà tí ọba Kashmir kò gbà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ra ilẹ̀, orí omi yìí ni wọ́n ń gbé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ gbígba àlejò ti wà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá àwọn èèyàn yìí. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Kí ló wá dé?

Ẹ jẹ́ n sọ ti shikara fún yín, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń wa àlejò kiri lórí omi. Létí títì Boulevard, ìjọba lẹ iye owó mọ́ pátákó, wákàtí kan, iye báyìí. Atukọ̀ wa ní pátákó yẹn ti pẹ́, owó ti yàtọ̀. A nájà, a fẹnu kò: wákàtí kan, ká lọ sí àárín omi, ká sinmi, ká padà. Mo sọ ọ́ fún un ketekete pé màmá mi ò fẹ́ ra nǹkan kan. Ó mi orí. Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù fún màmá, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn lélẹ̀ dáadáa, atukọ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ ẹ̀, èyí tí orí ẹ̀ rí bí ọkàn yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Màmá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun o, Olúwa.”

A ò tíì jìnnà sétí omi tí ọkọ̀ kan fi yọ lápá ọ̀tún. Ọkùnrin inú ẹ̀ na ọwọ́, ó di etí ọkọ̀ wa mú gírígírí. Ẹ wò ó, ọwọ́ yẹn ṣì wà lójú mi, ìka pẹ̀lú òrùka fàdákà, kò sì fi sílẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn ló ń tà. A ní rárá. Ó ní ká ṣáà wò ó, wíwò ò gbowó. Atukọ̀ wa? Ó ti gbé àjẹ̀ lé orókún, ó ń wo òkè! Ẹ̀gbà ọrùn ò tíì lọ tí oní-saffron, èròjà ọbẹ̀ olówó ńlá yẹn, fi dé lápá òsì. Oní-fọ́tò dé pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ wọn tí gbogbo ayé ti wọ̀ tí wọn ò fọ̀. Ẹlẹ́ran súyà dé pẹ̀lú èédú, èéfín ń wọ màmá mi lójú. “Mama! Mama Africa!” Ọmọ tí mo lè bí ló ń pe màmá mi báyẹn, tó ń fọwọ́ tọ́ wọn léjìká. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé omi la wá wò ni àbí ọjà Gbági?”

Mo pariwo mọ́ atukọ̀. Ó ní ó dáa, òun á wà wá lọ síbi tó dákẹ́. Ibi tó dákẹ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù orí omi tó ń fún un lówó ẹ̀yìn! Àkàsọ̀ igi ló wà níwájú ẹ̀, ó rọ̀, ó ń mì, ó sì ní kí obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orúnkún ẹ̀ gun un. Mo ní a ò gùn. Onílé fúnra ẹ̀ gbé tíì kahwa wá bá wa nínú ọkọ̀, álímọ́ńdì léfòó lójú ẹ̀. Ẹ mọ àwọn ìyá wa. Wọ́n ti mu tíì onítọ̀hún tán, wọn ò lè dìde lọ́wọ́ òfo, ojú ń tì wọ́n. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń da ìborùn lé wọn lẹ́sẹ̀ níkọ̀ọ̀kan títí ẹsẹ̀ wọn fi pòórá lábẹ́ aṣọ. Wọ́n rà á. Bá a ṣe ń kúrò níbẹ̀, atukọ̀ ní wákàtí ti pé. Tá a bá fẹ́ dé àárín omi, ká fowó kún un.

Mi ò fowó kankan kún un.

Ọgbà Shalimar, tí ọba Jahangir dá sílẹ̀ ní 1619, ọgbà Nishat tó ní ìpele 12, bákan náà ni. Kò sí bẹ́ńṣì tá a jókòó sí tí ẹnì kan ò wá dá wa dìde. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ọkọ̀-ilé wa ńkọ́? Mo yọjú wò ó, páìpù kan ló wà níbẹ̀, ó kọjú sínú adágún gan-an. Adágún tí wọ́n ń torí ẹ̀ gbowó lọ́wọ́ wa! Mo bi ọkùnrin ọkọ̀-ilé wa pé níbo ni ohun ìpaná wà, ó ní omi ló yí wa ká. Omi ló yí wọn ká náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 tí iná fi jó àwọn ọkọ̀-ilé lórí Dal, tí arìnrìn-àjò mẹ́ta láti Bangladesh fi jóná kú. Irú ìdáhùn wo nìyẹn?

Mo mọ̀ pé ojú wọn ti rí nǹkan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba lé gbogbo àlejò kúrò, wọ́n gé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbébọn pa èèyàn 26 ní Pahalgam, ìlú kan tí àlejò ń lọ ní Kashmir, àlejò tún sá. Ebi ń pa wọ́n, mo mọ̀, àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n àwa tá a ṣì wá, tá a di ẹrù wa pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ṣé àwa ló yẹ kí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù san án fún? Àwọn tó ń hun pashmina gidi, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, àwọn náà ni oníjìbìtì yìí ń pa lára.

Ó ti tó! Kí wọ́n lé gbogbo ọlọ́jà kúrò lórí omi yẹn, gbogbo wọn pátá, kí wọ́n lọ tajà lórí ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọkọ̀ àlejò mọ́. Kí ẹni tó ta ìborùn yẹn sì dá owó màmá mi padà.