Fìlà Tiger Woods kì í ṣe ìwé àdéhùn

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń to orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ agbágọ́ọ̀fù jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé é wo fọ́tò kan ṣoṣo kí ẹ sì kéde pé Nike ló ń sanwó fún Tiger. Òun àti Nike ti pínyà láti ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn ọdún 27. Aṣọ Sun Day Red tí òun àti ilé-iṣẹ́ TaylorMade gbé jáde ní oṣù kejì ọdún yẹn ló ń wọ̀ báyìí.

Ara agbágọ́ọ̀fù dà bí ilé ayálégbé. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń sanwó rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wọlé ò dọ́gba, ọjọ́ tí wọn yóò kó jáde ò dọ́gba. Iwájú fìlà ni pálọ̀, torí ibẹ̀ ni kámẹ́rà ń tẹjú mọ́. Lẹ́yìn náà ni àyà, apá ẹ̀wù, báàgì, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù, bàtà. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo báàgì Tiger nìkan. Buick wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí 2008 fi parí. AT&T gbà á ní 2009, ọ̀rọ̀ ilé Tiger dàrú lọ́dún yẹn, AT&T bá tirẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn kọjá níbẹ̀ kí Monster Energy tó wọlé ní 2016.

Ibi igi ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Igi 14 ni òfin gbà kí èèyàn gbé wọ pápá. Àdéhùn lè ní kó lo 10 tàbí 11 nínú wọn, kí ìyókù jẹ́ èyí tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni igi TaylorMade ṣe kún báàgì Tiger láti 2017, tí putter Scotty Cameron (igi tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò), tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Titleist, ṣì ń bá wọn gbé. Putter yẹn ló fi gba 14 nínú ìdíje ńlá 15 tó gbà. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì jẹ́ ti Bridgestone.

Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ sún fọ́tò mọ́ra kí ẹ wo àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Titleist tó ń jẹ́ Pro V1x, tó ní ìlà kékeré níwájú orúkọ, kì í ṣe Pro V1x lásán. USGA, àjọ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, ń gbé àkójọ àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ sí jáde lóṣooṣù, àmì kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀.

Fọ́tò Ryder Cup (ìdíje ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù) àti ti Òlíḿpíìkì, ẹ jù wọ́n nù: aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀. Iye owó tí ìwé ìròyìn Forbes ń kọ, ìfojúdá ni. Ìkéde ilé-iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ wá, ṣùgbọ́n ìwọlé ni wọ́n ń pariwo, ìjáde wọn kì í dún. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ń parí pẹ̀lú ọdún, nítorí náà ẹ wo ìdíje àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní dáadáa. Bí ẹnu bá sì kó bá èèyàn, kò sẹ́ni tó ń dúró de òpin ọdún: oṣù kìíní 2021 ni ilé-iṣẹ́ aṣọ Ralph Lauren fi agbágọ́ọ̀fù Justin Thomas sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lórí pápá.

Ibì kan ṣoṣo ni mi ò tíì lè yanjú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Tiger padà sí Masters, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá, lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ tó fọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Aṣọ Nike ló wọ̀, fìlà Nike ló dé, bàtà FootJoy ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí ẹsẹ̀ yẹn ń fẹ́ bàtà tó máa jẹ́ kó dúró gbọn-in. Àdéhùn Nike ò tíì parí nígbà yẹn. Kí la máa kọ sí yàrá bàtà? Bí a bá kọ FootJoy, ta ló sọ fún wa pé wọ́n sanwó? Bí a bá kọ Nike, bàtà mìíràn ni gbogbo ayé rí. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe lè kọ ọ́ láìṣi ẹlòmíràn lọ́nà, kó sọ fún mi.