"Fine Champagne" tó wà lára ìgò bùràńdì: kí ló túmọ̀ sí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Wọ́n gbé bùràńdì Faransé fún wa níbi ìnáwó lánàá. Mo yí ìgò náà wò, "Fine Champagne Cognac" ni wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣáńpéènì ni wọ́n bù mọ́ ọn. Mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre?

Ìyá Ọlọ́tí Dùgbẹ̀: Ọ̀rẹ́ yín ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ọtí, ohun tí a bá lẹ́nu àwọn tó ń kó o wá nìyẹn. "Fine" sì rèé, pé ó dára ni.

Ará Kétu: Ìyá mi, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Faransé la ń sọ nílé ìwé lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé "une fine" wá fóun, bùràńdì ló ń bèèrè. Champagne yìí, orúkọ ilẹ̀ ni. Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín oko àjàrà agbègbè Cognac sí. Grande Champagne àti Petite Champagne wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá po ọtí ibi méjèèjì pọ̀, tí ti Grande kò dín ní ìdajì, òun ni Fine Champagne. Òfin ọdún 1938 ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ọlọ́tí Dùgbẹ̀: Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ṣáńpéènì ńkọ́? Ṣebí Champagne náà ló ń jẹ́?

Bàbá Ìbejì: Ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Cognac, ó lé ní 400 kìlómítà. Inú èdè Látìn ni orúkọ méjèèjì ti wá: pápá gbalasa. Ọ̀dàn ni àwa ì bá pè é. Ilẹ̀ wọn tiẹ̀ tún jọra, ó funfun bí ẹfun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun! Grande wá tóbi ju Petite lọ nìyẹn?

Ará Kétu: Rárá o. Oko àjàrà Petite ló fẹ̀ jù. Ti Grande ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ jù.

Ìyá Ọlọ́tí Dùgbẹ̀: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgò mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Ọ̀kan ní Fine Champagne, méjì yòókù ní Cognac lásán. Mo gbà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n "fine" yẹn, ẹnu mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ará Kétu: Ẹ jàre díẹ̀ níbẹ̀, Ìyá. Ara ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí "àtàtà" ló ti wá, kó tó di orúkọ ọtí.