Irọ́ Ni Pé Àwọn Ọmọ Ìsinsìnyí Ló Gbé E Dé Orí Ìtàgé

Láàrin àwa tí a fẹ́ràn eré orí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu ba eré olórin tó ń sọ ìtàn àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin láti ìran dé ìran, èsì tó máa ń yá lẹ́nu ènìyàn ni pé àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé láyé àwọn bàbá wọn, kò sẹ́ni tó rí i lórí ìtàgé òyìnbó. Kí eré bẹ́ẹ̀ má wu ènìyàn, ìyẹn kò kàn mí. Ìtàn tí a fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ló pa àwọn tó fẹ́ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1737 títí di 1968, ìjòyè ààfin kan tí wọ́n ń pè ní Lord Chamberlain ló ń fọwọ́ sí eré tuntun kí wọ́n tó lè ṣe é níwájú èrò, kò sì gbà kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rárá títí di 1958. Ní New York, eré kan wà tó ń jẹ́ The Captive, lórí ìyàwó ilé kan tí ọkàn rẹ̀ fà sí obìnrin bíi tirẹ̀. Obìnrin kejì yìí kò yọjú sórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò ló kàn ń fi ránṣẹ́. Pẹ̀lú gbogbo ìfarapamọ́ yìí náà, ọlọ́pàá kó àwọn òṣèré rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1927, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ṣe òfin lọ́dún yẹn pé àwọn lè ti ilé ìtàgé tó bá ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ pa fún odidi ọdún kan. Ọdún 1967 ni wọ́n tó fagi lé e.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa gan-an. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ifẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, fòfin de òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò sì tú u sílẹ̀ títí di 1966 tí àwọn ológun gbàjọba. Ẹni tó bá wá Ògúndé dé gbọ̀ngàn ìlú wa ní 1965 tí kò rí i, ṣé yóò sọ pé Ògúndé kò tíì mọ eré ṣe ni?

Nígbà tí òfin ti kúrò ní New York, kò pẹ́ púpọ̀ tí eré olórin náà fi dé: La Cage aux Folles, nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ tọ́ ọmọkùnrin kan dàgbà, bọ́ sórí ìtàgé ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York, ní 1983. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Fun Home, tó gba Tony, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi ń dá eré Broadway lọ́lá, ní 2015. Òṣèré mẹ́ta ló ń ṣe ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀: ọmọdé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àti àgbàlagbà tó ń wẹ̀yìn wò. Ọmọbìnrin yìí, tó ń fẹ́ràn obìnrin, sọ ti ara rẹ̀ síta. Bàbá rẹ̀, tó ń fẹ́ràn ọkùnrin, fi tirẹ̀ pamọ́. Ìtàn ẹbí gidi kan ni wọ́n sì gbé eré náà kà: bàbá yẹn ti kú láti 1980.