Ariwo tó ń kùn lábẹ́ orin: máìkì ni, àbí iná?

Ọmọ Àyàn, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin sílẹ̀ nínú ilé. Mo ní orin kan lọ́wọ́, ohùn mi àti gángan ni, inú yàrá mi ní Mọ́kọ́lá ni mo ti ń gbà á. Máìkì kọ̀ńdẹ́ńsà olówó pọ́ọ́kú ni mo ní. Wáyà tó bá a wá ni mo kì bọ ihò máìkì ara laptop, Audacity, app tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, ni mo sì ń lò. Tí gángan bá ń lọ, kò sí wàhálà. Ìgbà tí ìlù bá dákẹ́, tí mo fẹ́ sun rárà díẹ̀, ni ariwo méjì máa ń jáde: ọ̀kan ń kùn nísàlẹ̀ láìsinmi, ìkejì ń ṣe ṣììì lókè. Tí iná NEPA bá wà, ó ń kùn. Tó bá jẹ́ inverter, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní kí n lọ ra máìkì mìíràn, owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Pírodúsà Agége:
Àbúrò, má fi àkókò ṣòfò. Wọn ò ṣe ihò máìkì ara laptop fún orin. Ra interface kékeré, ìyẹn àpótí tí máìkì ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, tó ní iná phantom 48 folti, iná tó ń gba wáyà máìkì lọ bọ́ máìkì. Fi wáyà XLR, wáyà máìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, so máìkì rẹ mọ́ ọn. Ariwo tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, fi Noise Reduction, irinṣẹ́ tó ń yọ ariwo nínú Audacity, gbá a kúrò, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Ẹlẹ́kìtíríkì Àkúrẹ́:
Pírodúsà, ẹ ti rán ọmọ lọ sọ́jà kí a tó mọ ohun tó ń pariwo. Ariwo méjì ló dárúkọ, ibi tí wọ́n ti ń wá kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tó ń ṣe ṣììì, ẹ jàre níbẹ̀. 48 folti ni irú máìkì yẹn ń fẹ́, ihò laptop kò lè fún un ju folti díẹ̀ lọ. Ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde á rẹlẹ̀, onítọ̀hún á wá lọ fa Microphone Boost inú Windows dé +20 tàbí +30 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), ariwo inú sound card, ẹ̀yà tó ń gba ohùn nínú laptop, náà á sì bá ohùn gòkè.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń kùn, iná ni. 50 Hz ni iná wa, ìyẹn ni pé ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kíkùn rẹ̀ á sì máa dún ní 50, ní 100, ní 150 lọ sókè. Tó bá ra interface olówó ńlá tó tún so laptop mọ́ iná kan náà, ó ṣeé ṣe kí kíkùn yẹn tẹ̀ lé e lọ.

Ọmọ Àyàn, jẹ́ kí bátìrì laptop kún, yọ ṣájà, kí o gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ki ṣájà bọ̀ ọ́ padà, tún gba òmíràn. Gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra pẹ̀lú headphone. Kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ọmọ Àyàn, Ìbàdàn:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Alẹ́ yìí ni mà á ṣe é. Nǹkan kan tún wà: tí ṣájà bá wà lára laptop tí mo sì fọwọ́ kan ara rẹ̀ tó jẹ́ irin, ó máa ń ta mí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, kíkùn yẹn náà á sì yí padà. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹlẹ́kìtíríkì Àkúrẹ́:
Ó kàn án gan-an. Ó dá mi lójú pé ṣájà rẹ kò rí earth lò, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀. Nínú irú ṣájà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀ wà láàárín apá tí iná ńlá ń gbà wọlé àti apá tó ń lọ sára laptop. Iná díẹ̀ ń gba ibẹ̀ jò. Tí wáyà earth bá wà, á gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Tí kò bá sí, ara laptop ni yóò dúró sí, wáyà máìkì rẹ náà á pín nínú rẹ̀. Nígbà tí o fọwọ́ kàn án, ara rẹ ló di ọ̀nà fún un, ìdí nìyẹn tí kíkùn fi yí padà.

Ilé tí mo ti bá èyí pàdé kò lóǹkà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta á wà lára ògiri dáadáa, ẹ tú u, ẹ ò ní rí wáyà earth kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi bírò ti ihò òkè kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè ráyè wọlé. Iná wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n earth ò sí.

DJ Ọ̀tà:
Ẹ̀gbọ́n, earth tí ẹ ń pọ́n yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Nígbà tí mo so laptop, mixer àti spíkà pọ̀, gbogbo rẹ̀ ń kùn. Mo tú púlọ́ọ̀gì mixer, mo já wáyà earth inú rẹ̀, ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí Ọmọ Àyàn má lọ fi kún ẹrù ara rẹ̀.

Ẹlẹ́kìtíríkì Àkúrẹ́:
DJ, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ dá wáyà yẹn padà lónìí. Ọjọ́ tí wáyà tó gbóná bá já nínú mixer tó sì kan ara rẹ̀, earth ni yóò gbé iná náà lọ tí fíúsì yóò fi jó. Tí kò bá sí, ẹni tó di máìkì mú, tó gbé e súnmọ́ ètè, ni iná náà yóò gbà kọjá. Èèyàn lè kú síbẹ̀.

Ohun tó ń kùn lọ́dọ̀ yín kì í ṣe ẹ̀bi earth. Láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ yín ti ń mu iná, wọ́n wá tún so pọ̀ nípasẹ̀ wáyà orin, earth wá ní ọ̀nà méjì tó yípo, kíkùn ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ kó gbogbo wọn sórí extension kan ṣoṣo láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Tí kò bá tán, ẹ fi DI tó ní transformer, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn kọjá láìso wáyà méjèèjì pọ̀ tààrà, sáàárín laptop àti mixer. Ìyẹn á já ìyípo náà lára wáyà orin, earth iná á sì wà níbi tó yẹ kó wà.

DJ Ọ̀tà:
Extension kan ò lè gbé spíkà ńlá òde ayẹyẹ, ẹ̀gbọ́n.

Ẹlẹ́kìtíríkì Àkúrẹ́:
Òde ayẹyẹ kọ́ là ń sọ, yàrá Ọmọ Àyàn ni. Laptop, interface àti spíkà kékeré méjì kò le fún extension tó dára. Tó bá kan òde ayẹyẹ, ẹ pe oníná kó fa wáyà tó nípọn fún yín. Ní ibi méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já earth.

Ọmọ Oòduà, Houston:
Mo fẹ́ fi kan kún un. 60 Hz ni iná níbí. Ọ̀pọ̀ fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń yọ kíkùn iná, ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti wá, wọ́n á ní kí ẹ gé 60, 120, 180. Tí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ ó gé ohun tí kò jẹ̀bi kúrò nínú orin, kíkùn á ṣì jókòó sí 50 àti 100 rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ wo orílẹ̀-èdè tí ẹni tó ń kọ́ yín wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀:
Kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn lórí inverter. Ti ilé wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á tó fi le ju ti NEPA lọ?

Ẹlẹ́kìtíríkì Àkúrẹ́:
Inverter oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Pure sine wave ń mú iná tó ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jáde. Modified sine wave, tí owó rẹ̀ kéré, ń fo iná láti ìpele kan sí èkejì lójijì. Fífò yẹn ló ń bí ariwo kéékèèké lọ sókè réré, dé ibi tí ohùn èèyàn wà. Kò ṣeé gé kúrò, torí ibi tí orin wà lòun náà wà. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó fi inverter gba iná sínú bátìrì laptop, kó yọ ṣájà, kó tó kọrin. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fi èyí sọ́kàn: laptop tó wà lórí bátìrì, pẹ̀lú interface tó ń mu iná láti ara USB, kò ní nǹkan kan tó so ó mọ́ ògiri mọ́. 

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀:
Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ ṣájà, orin tí mo ń gbà máa ń já ta-ta-ta.

Pírodúsà Agége:
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná. Windows ń dín agbára kọ̀ǹpútà kù kí bátìrì lè pẹ́, kò wá rí ohùn gbé bó ṣe yẹ. Yí power mode sí Best performance, pa Wi-Fi, kí o sì gbé buffer, iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, láti 128 lọ sí 256 tàbí 512.

Adarí Kọ́yà:
Ẹ kú àròyé o. Gbogbo yín ń tú wáyà, ẹ ti gbàgbé ariwo tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù tó ń mú 50 Hz jáde, bí ìgbà 3,000 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Abájọ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò fi máa ń jọ kíkùn iná létí. Ẹ gbé laptop àti máìkì lórí bátìrì lọ sí yàrá tó jìnnà sí i. Tó bá rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé fóòmù àti kọ́tìnnì yóò dá a dúró. Ohùn tó ń padà láti ara ògiri àti síìlì ni wọ́n ń mú, wọn ò rí nǹkan ṣe sí ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ súnmọ́ máìkì: tí ẹ bá dín àárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn yín á fi bí 6 dB ga sí i, ariwo yàrá ò sì ní kúrò níbi tó wà. Irú máìkì tí Ọmọ Àyàn ní sábà máa ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, kó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé.

Èyí tí ọkàn mi kò gbà rárá ni Noise Reduction tí Pírodúsà fi ń parí gbogbo ẹjọ́. Ẹ tẹ́tí sí òpin ìlà nínú rárà. Ohùn ìsàlẹ̀ á rọra máa lọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ariwo dọ́gba, ẹ̀rọ náà kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni, á gé e. Ti gángan tún burú jù: nígbà tí onílù bá fún un mọ́ ìhà tó tún dẹ ẹ́, ohùn tó ń yọ́ lọ sílẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gé e tán, ìlù kàn ń dún bí ohun tó wà lábẹ́ omi, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Pírodúsà Agége:
Mà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó ló ń bà á jẹ́. Àwọn kan á fà á dé 30 dB. Ẹ fi sí 6. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ kí akọrin tó la ẹnu, ẹ fi ibẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ariwo fún un, ẹ má sì pa fáànù tàbí tàn án láàárín. Agége ni mo wà, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá nítòsí wa, ọjà ń pariwo. Tí mo bá ní kí akọrin dúró de ìdákẹ́jẹ́, kò ní kọrin láéláé. Iṣẹ́ tó jáde pẹ̀lú àbùkù díẹ̀ sàn ju èyí tí kò jáde lọ.

Adarí Kọ́yà:
Mo gba 6 yẹn fún ohùn. Fún gángan, mi ò gbà á. Ìlù le tó láti bo ariwo mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ti dákẹ́ pátápátá, ẹ fi ọwọ́ dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìró rẹ̀ tán kí ẹ tó pa á.

Ọmọ Àyàn, Ìbàdàn:
Mo ti ṣe é. Lórí bátìrì, kíkùn ńlá yẹn lọ! Díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ dákẹ́ nígbà tí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé pa jẹnẹrétọ̀ wọn, nítorí náà Adarí jàre. Ṣììì ṣì wà. Mo tún gbọ́ kan tó ń ṣe tìtìtì, tìtìtì, tó ń wá tó ń lọ.

Ọmọ Oòduà, Houston:
Fóònù rẹ nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G ń tan rédíò rẹ̀ tó ń pa á bí ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà máìkì sì ń gbé e. Fi sí airplane mode, tàbí kí o gbé e lọ sí yàrá kejì.

Ọmọ Àyàn, Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá wá rí owó kó jọ fún nǹkan kan ṣoṣo, ṣé interface ni, àbí máìkì dáínámíìkì, irú èyí tí kì í fẹ́ 48 folti? Wọ́n ní dáínámíìkì kì í gbọ́ jẹnẹrétọ̀.

Ẹlẹ́kìtíríkì Àkúrẹ́:
Ó ń gbọ́ ọ. Ẹnu ni wọ́n sábà máa ń gbé e sún mọ́, ìyẹn ló ń mú kó dà bíi pé kò gbọ́. Ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde kéré, tó o bá kì í bọ ihò laptop, ṣììì yẹn á tún pọ̀ sí i. Ibi yìí ni mo ti fara mọ́ Pírodúsà: interface ni kó o rà, máìkì tó o ní á sì rí 48 folti rẹ̀ gbà.

Pírodúsà Agége:
Ohun tí mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹlẹ́kìtíríkì Àkúrẹ́:
Ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé kó yọ ṣájà.

Adarí Kọ́yà:
Ọmọ Àyàn, tó o bá ti rà á, gba orin rẹ ní 24-bit, ìwọ̀n bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ohùn sílẹ̀ kínníkínní tó. Gba gángan lọ́tọ̀, gba ohùn lọ́tọ̀, gain wọn, ìyẹn bí interface ṣe ń gbé ohùn ga tó, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lu ìlù níbi tó le jù, dín gain kù títí kò fi ní kọjá −12 dB lójú ìwọ̀n ohùn Audacity, lẹ́yìn náà tún un tò fún rárà. Títí dìgbà yẹn, gbé èyí tó o gbà lórí bátìrì síbí kí a gbọ́ ọ.