Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí ìyá mi ti ń kanlẹ̀kùn yàrá. "Dìde, àwọn èèyàn ẹ ti dé."

Àwọn èèyàn mi wo? Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọyẹ́ ti bo àdúgbò bí ìgbà tí wọ́n da eérú sí i, síbẹ̀ mo rí wọn lórí bẹ́ǹṣì: ìyá mẹ́ta, bàbá kan. Ìyá alákàrà ti ká ìró dé orúnkún, ó ń fi ẹsẹ̀ tó wú han ẹni tó jókòó tì í. Bàbá yẹn gbé ìgò kékeré kan dání, ohun tó wà nínú ẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.

Nọ́ọ̀sì tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni wọ́n ń dúró dè. Èmi ni wọ́n ń bá wí o.

Èmi kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò ṣe é rí. Kódà, torí pé mi ò tíì ṣe é ni mo ṣe wọkọ̀ òfuurufú wá sílé, tí mo fi owó fíríìjì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó fi mí lé EFCC lọ́wọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ báǹkì ní Òṣogbo níbí, kí ọkọ mi tó ríṣẹ́ sí Ìlú Ọba lọ́dún 2018, tí mo tẹ̀ lé e. Doncaster là ń gbé, àmọ́ ní Òkè-Baálẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tí báǹkì tiwọn ò dá mi lóhùn, mo gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí wọn, mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ, mò ń gbọ́ ìtàn ọkọ tó ti kú láti ọdún gbọ́nhan. Ìyá mi bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ wo ni mo rí. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́. Ó tún dákẹ́. Ó wá ní, "Ṣé wọ́n fún yín láṣọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, aláwọ̀ aró. Ó ní, "Aró? Òṣogbo ìlú aró! Nọ́ọ̀sì ni." Ó gé fóònù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn ti dé Ọjà Ọba, ó ti gba Ìgbọ̀nà kọjá.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Àǹtí mi kan ní, "Ṣé kì í ṣe pé ilẹ̀ lo ń gbá níbẹ̀?" Inú bí mi. Mo ní rárá o, nọ́ọ̀sì ni mí. Ibi tí èmi náà ti wọ ọ̀ràn nìyẹn.

Ní tòótọ́, ó pẹ́ kí iṣẹ́ náà tó wù mí. Ọmọbìnrin kan máa ń wá sí ilé ìtọ́jú wa, nọ́ọ̀sì gidi, tí ǹ bá ti bí ká ní mi ò gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu nígbà èwe. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò bi mí pé kí ni mo rí. Mo máa sọ fún un. Pé màmá yìí ò jẹun láti àná, pé ìtọ̀ ẹ̀ ti dúdú, pé kì í ṣe pé ọpọlọ ẹ̀ ń dàrú o, òùngbẹ ni. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò wọ mọ́tò ẹ̀ lọ. Mo wò ó títí. Mo ní ohun tí èmi ń fẹnu sọ, tí ọmọ yìí ń fọwọ́ kọ, àárín ẹnu àti ọwọ́ yẹn gan-an ni owó wà.

Mo pe yunifásítì kan. Wọ́n ní ọjọ́ orí kì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ ìwé HND mi ti pẹ́ jù. Ọdún 2005 ni mo gbà á, wọ́n sì fẹ́ ẹni tó ti kàwé láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo ní ṣé ìwé máa ń bu bíi búrẹ́dì ni? Obìnrin náà ní ohun tí wọ́n kọ síwájú òun nìyẹn. Bí mo ṣe padà sí kíláàsì nìyẹn, èmi àti àwọn ọmọ tó ń pe ara wọn ní àgbà torí pé wọ́n ti pé ogún ọdún. Access ni wọ́n ń pe kọ́ọ̀sì náà, àwọn tó ti dàgbà kí wọ́n tó rántí yunifásítì ló wà fún, kírẹ́díìtì 60. Alẹ́ ni mò ń lọ, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ arúgbó mẹ́jọ.

Bàólójì ò dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní ọkàn ní yàrá mẹ́rin, ó yé mi kíá: ilé bàbá mi náà ní yàrá mẹ́rin, èèyàn méjìlá ló sì ń gba inú ẹ̀ kọjá láìkọlu ara wọn. Ohun tó fẹ́ gbẹ̀mí mi ni èyí tí wọ́n ń pè ní reflection. Wọ́n á ní kó o rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kó o wá kọ bó ṣe rí lára ẹ. Bó ṣe rí lára mi kẹ̀? Ní gbogbo ọdún tí mo fi kàwé ní Òṣogbo, tíṣà kankan ò bi mí bí nǹkan ṣe rí lára mi, àfi èyí tó bi mí bóyá ẹgba yẹn dùn mí, kó lè mọ̀ bóyá kó fi òmíì lé e. Mo kọ tèmi: "Màmá ṣubú. Mo gbé wọn dìde. A dúpẹ́." Tíṣà fi bírò pupa bi mí nísàlẹ̀ pé kí ni mo rò, kí ni mo kọ́, kí ni mo máa ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀. Mo ní màá tètè gbé wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí n lọ tún un kọ.

Fọ́ọ̀mù DBS ló tẹ̀ lé e, ti àwọn tó ń wádìí bóyá èèyàn ti dáràn rí. Gbogbo ilé tí mo ti gbé láàárín ọdún márùn-ún, mo kọ ọ́. Wọ́n wá ní kí n kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ti fi pè mí rí. Gbogbo ẹ̀! Ṣé òyìnbó mọ ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá ṣá? Mo gbé bírò. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Èyí tí ìyá bàbá mi sọ mí. Èyí tí ìyá ìyá mi ju owó sínú abọ́ omi kó tó pè. Orúkọ ìsàmì. Àbẹ̀kẹ́, oríkì mi. Sísí Báǹkì, tí àwọn ọlọ́jà Ìgbọ̀nà ń pè mí. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Ìyá Ṣeun. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, mo yí bébà, mo ń kọ ọ́ lọ sí ẹ̀yìn. Ṣeun dé láti iléèwé, ó ní, "Mummy, èyí tó wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn." Kó tó sọ̀rọ̀, mo ti fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi wá ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́.

Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife àti ti èéyi ní kékeré. Mo pe ìyá mi. Ó ní kí n ká apá aṣọ sókè, kí n fi àpá han dókítà. Òun ló pọ̀n mí lọ, bí wọn ò bá gbà kí wọ́n pe òun. Ní ti èéyi, ó ní ó ṣe mí, ẹlẹ́rìí sì wà: ẹni tó bu ẹmu sí mi lára ṣì wà láàyè. Òyìnbó ò fẹ́ ẹlẹ́rìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni. Ìyá mi ní, "Kí ni mo sọ?"

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n gbé obìnrin kan kalẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí wọ́n lè wo bí mo ṣe máa tù ú nínú. Mo gbàgbé pé eré ni. Mo fà á mọ́ra, mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kó gbẹ̀yìn, mo bú sẹ́kún, òun náà wá sunkún tòótọ́, ẹni tó ń wo aago ò sì rántí lu agogo mọ́. Wọ́n wá bi mí pé ṣé mo mọ C mẹ́fà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwà mẹ́fà tí orúkọ wọn fi C bẹ̀rẹ̀ lédè òyìnbó: àánú wà lára wọn, ìgboyà wà lára wọn. Mo dárúkọ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ C6 tó wà lọ́kàn mi ni èyí tí mo gbà nínú Mátíìsì lọ́dún 1999. Lẹ́tà dé ní December: wọ́n ti gbà mí, bí mo bá lè mú ojúlówó sàtífíkéètì WAEC wá.

Ẹ̀ ń gbọ́? Ojúlówó. Mi ò gbà á rí. Lọ́dún yẹn, iléèwé ní kí oníkálukú gbé àga ara ẹ̀ wá, bàbá mi ní òun ò rán káfíńtà lọ́mọ lọ sílé ìwé. Wọ́n bá di sàtífíkéètì mi mú.

Lálẹ́ tí mo dé, mo sọ òótọ́ fún ìyá mi. Ó fi gèlè bo ẹnu. "Ẹni tí wọ́n ti kí kú oríire oyè, ṣé ó tún yẹ kó máa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dé fìlà? Má jẹ́ kí Ìyá alákàrà gbọ́." Ó wá bi mí pé èló. Mo ní lọ́dún 2025, pọ́n-ùn 9,535 lọ́dún kan. Ìyá mi ò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, àmọ́ kí n tó mí, ó ti sọ ọ́ di náírà: ó lé ní mílíọ̀nù méjìdínlógún. Mo ní ìjọba ló máa yá mi, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù, pọ́n-ùn 5,000 sì tún wà lọ́dọọdún tí wọn ò ní gbà padà. Ojú ẹ̀ rọ̀. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Mo ní ọdún mẹ́ta ni, wákàtí 4,600, ìdajì ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, lóru, lọ́sàn-án, láìgba owó oṣù.

"Dúró ná. Wàá ṣiṣẹ́, wọn ò ní sanwó, ìwọ lo tún máa sanwó fún wọn?"

Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Ìyẹn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìwọ̀fà ni."

Mo ní títí di 2017, ìjọba ló ń san owó iléèwé fún wọn. Ó ní ọdún wo la débẹ̀? Mo ní 2018. Ó wò mí, ó mi orí. "Èyí tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù wá ńkọ́?" Iná lọ lákòókò yẹn gan-an. Mi ò dúpẹ́ òkùnkùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àwọn tó wà níta. Mo yẹ ẹsẹ̀ wò, mo wo BP, mo gbọ́ ìtàn orókún. Ẹni kọ̀ọ̀kan, mo ní kó lọ sí ọsibítù. Bàbá onígò, mo ní kó mu omi dáadáa kó sì gbé ìgò lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi ní, "Gbogbo wọn lo ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Ìwọ wá ńkọ́?"

Iléèwé wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kíláàkì wọn jẹ́ bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, eruku ọyẹ́ ti fún irun ẹ̀ láwọ̀ kan náà pẹ̀lú fáìlì. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ káàbọ̀, mà." Ìjọ kan náà ni òun àti ìyá mi ń lọ. "Kí ni odidi nọ́ọ̀sì fẹ́ fi WAEC ṣe?" Mo ní wọ́n fẹ́ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun bá mi yọ̀. Ó fẹ́ eruku kúrò lórí ìwé gbàǹgbà kan, ó fi ìka wá orúkọ mi sísàlẹ̀, ó sì rí i. Iwájú orúkọ náà, wọ́n ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ láti 1999: gbèsè, àga kan.

Mo ní kí n fún wọn lówó. Ó ní ìwé ò sọ pé owó, àga ni ìwé sọ.

Ẹ wo èmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìgbọ̀nà, àga onígi lórí itan, à ń gba abẹ́ bíríìjì Ọláìyá tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo lọ. Awakọ̀ ní ṣé mò ń lọ síbi òkú ni.

Bàbá kíláàkì jókòó lórí àga náà, ó mì ín wò. Ó wá ká apá aṣọ sókè. "Kí n tó fún yín, ẹ bá mi wo BP." Ẹ̀rọ wà nínú báàgì mi. 178, 104. Mo ní kó fẹ̀yìn tì, kó má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún un wò: 176, 104. Ṣé orí máa ń fọ́ ọ? Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ojú òun sì máa ń ṣú bí òun bá dìde. Mo ní kò gbọdọ̀ di ọ̀la o. Ó ní kí n kúkú fún òun lóògùn. Mo ní mi ò láṣẹ àtifúnni lóògùn. "Nọ́ọ̀sì wo ni ò láṣẹ?" Mo gbé àga mi dání, mo ní bí kò bá pe ọmọ ẹ̀ kó wá fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù níṣojú mi, mò ń gbé àga mi lọ. Ó pè é.

Kí ọmọ náà tó dé, ó yọ sàtífíkéètì jáde. Ikán ò débẹ̀. C6 mi ń wò mí. Mo ka orúkọ mi lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíì: H kan ti wọ inú Fọláṣadé. Kóòtù ló kàn lọ́la nìyẹn, ìwé ìbúra.

Ó yí ìwé gbàǹgbà sọ́dọ̀ mi kí n fọwọ́ sí i. Ó ti bá mi kọ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó rẹwà: orúkọ, ọjọ́, iṣẹ́. Níbi iṣẹ́, ó kọ ọ́ pé: Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù.

Mo wò ó títí tí mo fi ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà níta. Mo gba bírò. Mo fa igi lórí Lọ́ńdọ̀nù, mo kọ Doncaster sókè ẹ̀, mo fọwọ́ sí i.