Kò sí ẹni tí PCV rẹ̀ ń jẹ́ 100

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp nípa PCV, nọ́ńbà kan tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé jáde: wọ́n ní 100 ló pé, pé ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 38, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì, kó yáa máa mu málítì àti mílíìkì. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀ ni PCV ń sọ, kì í ṣe bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára. Ní láàbù, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, ẹ̀rọ á yí i kíkankíkan. Sẹ́ẹ̀lì pupa á kó jọ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á dúró lókè. Bí apá pupa bá gba 38 nínú 100, PCV 38 nìyẹn. Omi òkè yẹn náà, ara ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá 60, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki jù, ewu ni.

Fún àgbàlagbà, bíi 36 sí 46 ló wọ́pọ̀ lára obìnrin, 40 sí 50 lára ọkùnrin.

Omi ara náà a máa yí nọ́ńbà yìí padà. Ẹni tó ń ṣu tó ń bì lè ní PCV tó ga láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i. Ti aláboyún a máa wálẹ̀, torí omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ wo ìwé èsì yín: ìwọ̀n tó yẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Bó bá relẹ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wá ohun tó fà á: ibà, aràn, nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, àìtó èròjà irin. Málítì kò wo ìkankan nínú wọn. Mílíìkì tiẹ̀ máa ń dín irin tí ara ń rí gbà láti inú oúnjẹ kù.